Àyà Jíjá Kì í Ṣe Àyà Dídùn

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, kó kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀, kó bi mí léèrè ohun tí mo sọ, kó tún un sọ sí mi létí, kó tó lọ ya ẹnu rẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Wọ́n ní mo ti le jù, wọ́n ní ẹnu mi mú. Kí wọ́n máa wí. Gbólóhùn kékeré kan ni wọ́n gbà lẹ́nu mi ní Savalou lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e fún elédè Faransé, mi ò sì tíì gbádùn láti ìgbà náà.

Àsíátù ni mí, ìyàwó Sàlámì elépo. Ọmọ Ṣakí ni àwa méjèèjì. Òwò ló gbé wa dé Bantè, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, nígbà tí mo ṣì ń pọn Mùínàt, a sì ti bá àwọn ará Ìṣà tó ni ìlú náà gbé pẹ́ débi pé èdè wọn ti ń yọ lẹ́nu mi. Ọkọ mi a máa lọ gbé bẹntiróòlù wá láti ẹnubodè Nàìjíríà, èmi a máa tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ọmọ tí mo bí ju ọ̀kan lọ, Mùínàt nìkan ló dúró. Mo ń sọ ìyẹn ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ẹ̀rù kàn wù mí ni.

Ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kàmáráàdì ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan tó kó bẹntiróòlù gbiná lójú ọ̀nà Savalou. Ẹnìkan sáré wọ ọjà Bantè, ó ní ọkọ̀ Sàlámì ni. Àwọn obìnrin ló dì mí mú láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó yá, Sàlámì yọ lókèèrè, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó ń jẹ àgbàdo, kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló jó. A ṣe sàráà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Sàlámì padà dé ni, àyà mi ni kò padà dé.

Láti ìgbà náà, mo lè jókòó nídìí ọjà mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mí ní nǹkan kan, àyà mi á kàn já. Ọwọ́ mi á tutù, ẹnu mi á gbẹ, èémí mi á kúrú, etí mi á máa hó. Ó máa ń dà bíi pé ikú ti wọ ilé, tó ń wo ibi tí òun máa jókòó sí. Bí ọkọ mi bá pẹ́ díẹ̀, mo ti rí òkú rẹ̀. Bí Mùínàt bá wúkọ́, mo ti gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ara mi á rọ̀, á wá rẹ̀ mí bí ẹni tó kọ ebè, ojú á sì tì mí nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àbúrò Sàlámì, Moumouni, ló mú mi lọ sí Savalou. Èmi kì í pè é lórúkọ. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, ọkọ mi lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń bù fún un jẹ nígbà tó wà ní kékeré. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí pé òun nìkan ló lọ sílé ìwé àwọn Faransé nínú ilé wọn. Bí Akọ̀wé bá sì ti ń sọ Faransé, ìyàwó ilé kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọjà ló mú mi lọ, wọ́n ti tì í pa báyìí. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Mahi, èdè àwọn ará Savalou, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ní kí ni ó ń ṣe mí. Mo ní, “Àyà mi ń já.” Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ ohun tó sọ. Ohun tó sọ ni pé nǹkan ń já nínú àyà mi, bí okùn ṣe ń já. Ọkùnrin yẹn dìde kíá. Ó fi irin tútù kan mi láyà, ẹ̀rù irin náà bà mí, ọkàn mi sì ń sáré kíkankíkan. Ó mi orí. Ó sọ̀rọ̀ tó gùn, Akọ̀wé sì gé e kúrú fún mi.

Ó ní, “Ìyá Mùínàt, wọ́n ní ọkàn yín ti bàjẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ìròyìn burúkú. Wọ́n ní ó lè pa yín lójú ẹsẹ̀.”

Ọjọ́ yẹn ni mo di ẹyin lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá wọ yàrá, ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró. Bí rédíò bá fẹ́ kéde òkú, ẹnìkan á sáré lọ pa á. Wọn kò jẹ́ kí n lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tó jìnnà. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí ìkẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ lè pa mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìbẹ̀rù. Tí àyà mi bá já lẹ́ẹ̀kan, jíjá náà á tún mú un já. Mo wá ń kúrò nílé dé ìdí ọjà, mò ń kúrò nídìí ọjà dé ilé, ó tán.

Bẹ́ẹ̀ ni Mùínàt ṣe lọ sílé ọkọ. Affissou ló fẹ́ ẹ, aránṣọ kan tó wá láti Tchetti, ọmọlúwàbí ni, kò ga, kò sì lariwo. Bantè ni a ti ṣe yìgì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ìyàwó lọ, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mùínàt wo ẹ̀yìn títí ọkọ̀ fi yà. Ó máa ń wá kí mi, ó sì máa ń bi mí pé, “Ìyá mi, ìgbà wo lẹ máa wá rí yàrá mi?” Èmi á ní tó bá yá. Ó gbé oyún wá lẹ́ẹ̀kan, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, ó ní èmi ni òun fẹ́ kó wá wẹ ọmọ òun, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, Sàlámì lọ sí Tchetti. Ìgbà yẹn ni Nàìjíríà ti ẹnubodè wọn, ó ní òun fẹ́ lọ wo bóyá a lè rí ọjà gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Togo. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bẹntiróòlù ló ta sí i lójú. Ó ní Mùínàt ti bí, obìnrin ni, Halimatou ni wọ́n sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo jó díẹ̀ pàápàá, mo rọra jó o nítorí ọkàn mi. Ó wò mí títí, ó wọ inú yàrá lọ, kò jẹun.

Mo ní ta ni ó ń wẹ ọmọ. Wọ́n ní ìyá Affissou. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ránṣẹ́: òrí tí mo fọwọ́ ara mi yọ́, ọṣẹ dúdú, irú, ata gbígbẹ. Igbá ni mo máa ń kó wọn sí, màá fi aṣọ dì í lókè. Akọ̀wé ti di ẹni tí ń bá ọkọ̀ ẹrù rìn nígbà náà, òun ló ń gbé e lọ. Bó bá dé, á ní, “Mùínàt ní kí n kí yín. Ó ní òun dúpẹ́.” Mo máa ń ní ṣé ó sanra? Á ní ó sanra. Ṣé wàrà ń yọ? Á ní wàrà ń yọ.

Ṣùgbọ́n Mùínàt kò wá. Iléyá dé, kò wá. Wọ́n ní ọmọ ń yọ eyín. Wọ́n kórè iṣu, kò wá. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹnubodè ṣí, òwò padà bọ̀ sípò, àwọn tí kò mọ̀ mí rí ń wá kí mi, ọmọ tí mo bí kò wá. Inú bí mi sí i. Mo bínú sí ọmọ mi, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bá ìgò bẹntiróòlù sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní ilé ọkọ ti dùn mọ́ ọn débi pé kò rántí ìyá tí ọkàn ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kan, mo sọ fún Akọ̀wé pé kó sọ fún un pé tí kò bá fẹ́ wá mọ́, kó dá igbá mi padà. Akọ̀wé dorí kodò, ó ní òun á jíṣẹ́.

Ibà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Rakia. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ìlú Koko, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Bantè. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní kó má fún mi ní oògùn tó le, pé ọkàn ń ṣe mí.

Ó ní, “Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Mo ní wọ́n sọ fún mi ní Savalou. Ó ní kí ni mo sọ fún wọn. Mo ní, “Mo sọ fún wọn pé àyà mi ń já.”

Ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èdè Ìṣà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé àyà yín ń já ni, àbí àyà ń dùn yín?”

Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kò dùn mí rí, pé ó kàn máa ń já ni, bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ohun tó dẹ́rù bà á. Ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní Savalou, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, bó ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo tún ìwọ̀nba Faransé Akọ̀wé tí etí mi ṣì mú sọ fún un, òun ló ṣàlàyé fún mi pé jíjá okùn ni Akọ̀wé sọ níbẹ̀. Ó gbọ́ ọkàn mi ní ìjókòó, ó gbọ́ ọ ní ìdúró, ó ní kí n yí ilé ìwòsàn ká kíákíá, ó tún gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ọkàn yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà yín.”

Mo bínú. Mo ní ṣé irọ́ ni mò ń pa ní gbogbo ọdún yìí ni?

Ó ní, “Ẹ̀rù kì í ṣe irọ́, Màmá. Inú ara ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ajá bá lé èèyàn, ọkàn á sáré kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sáré. Tiyín, ajá kò sí níbẹ̀, ọkàn yín ṣáà ń sáré. Kò lè pa yín. Ó le láti fara dà, ṣùgbọ́n kò lè pa yín.”

Ó wá kọ́ mi. Ó ní nígbà tó bá dé, kí n má bá a jà, kí n má sì sá fún un. Kí n jókòó, kí n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kí n wá rọra fẹ́ ẹ jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ. Kí n sọ ọ́ lẹ́nu pé, “Ẹ̀rù ló dé yìí, á lọ.” Ó ní ó máa ga dé ibì kan, ó sì máa rọlẹ̀, kí n dúró wò ó. Ó ní ibi tí mo bá ń sá fún ni kí n máa sún mọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ara mi lè rí i pé kò sí ajá níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe jù lọ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n ṣe.

Mo ní, “Mo fẹ́ dé Tchetti, kí n rí ọmọ mi.”

Ó ní, “Tchetti là ń lọ nìyẹn.” Kò mọ nǹkan kan, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Àlejò ni, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Mo fayọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Bàbá Mùínàt, ọkàn mi kò ṣe nǹkan kan o.” Mo rò pé á dìde dì mọ́ mi. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọdé ni nọ́ọ̀sì yẹn, ó lè ṣàṣìṣe. Mo ní òun ló ti gbọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo kọ́kọ́ rìn dé ìpẹ̀kun ọjà, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń já ẹrù, mo dúró níbẹ̀ kí ó já, ó já, mo fẹ́ ẹ jáde, ó rọlẹ̀. Mo lọ sí Koko lẹ́yìn alùpùpù. Mo sunkún lọ, mo rẹ́rìn-ín bọ̀. Mo lọ kí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú, mo bá a jókòó, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò sì kú. Kì í ṣe pé ẹ̀rù náà tán. Ó ṣì ń wá, ó ń wá dáadáa. Mo kàn ti mọ bí a ṣe ń fún un láyè kó kọjá ni. Nígbà tí mo dé Savalou tí mo tún padà, gbogbo àdúgbò ló ń kí mi. Ọkọ mi náà kí mi. Ojú rẹ̀ fà ro, mo ní ìfẹ́ ni.

Bí mo bá wá dárúkọ Tchetti, á ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Bí òjò bá dá, á ní kí n jẹ́ kí wọ́n kórè. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí jókòó, ó ní, “Ìyá Mùínàt, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ.” Ohùn rẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí. Mo gbé ọwọ́ lé àyà, ó ti mọ́ mi lára ni, kì í ṣe pé ó já. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní òun ti gbàgbé ohun tí òun fẹ́ sọ, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ tí ó lọ sí ẹnubodè ni mo lọ. Mo sọ fún wọn nílé pé Savalou ni mò ń lọ, mi ò sì parọ́, Savalou ni mo kọ́kọ́ dé. Mo ra búrẹ́dì àti góòlù kékeré fún etí ọmọ. Mo bá alálùpùpù kan sọ̀rọ̀, ó ní òun mọ Tchetti, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀nà náà gùn, eruku ni gbogbo rẹ̀. Ní ibì kan, ọkọ̀ ńlá kan tó kó òwú yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀, àyà mi já, ọwọ́ mi tutù. Alálùpùpù ní ṣé kí òun dúró. Mo ní kó máa lọ. Mo ń fẹ́ èémí sí i lẹ́yìn ọrùn, ó sì rọlẹ̀ nígbà tó yá. Inú mi dùn jọjọ. Mo ní kí Mùínàt ṣáà rí mi lórí nǹkan yìí. Mo ń to ìbínú mi lẹ́sẹẹsẹ bí a ti ń lọ: bí mo bá dé, mi ò ní kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Màá ní, “Ṣé ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ọ?” Màá jẹ́ kó bẹ̀ mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni màá wá gba ọmọ, tí màá sọ fún un pé ara mi ti yá, pé oṣù tó ń bọ̀ màá tún wá.

Affissou wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Ó ní, “Màmá, ta ló bá yín wá?”

Mo ní èmi nìkan. Ó ní, “Ṣé Bàbá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?” Mo ní dìde, Affissou, kí lo ń ṣe nílẹ̀? Ọmọbìnrin kan gbé omi wá fún mi, ọmọdé kan dì mọ́ aṣọ rẹ̀, orí ọmọdé náà dàbí orí Mùínàt nígbà tó ń rìn tẹ̀tẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ó ń pè é ní ìyá. Mo ní, “Mùínàt dà?”

Mo wọ inú ilé fúnra mi, wọ́n kò lè dá mi dúró. Mo pe orúkọ rẹ̀. Lórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rí àwọn igbá mi, gbogbo wọn, wọ́n tò wọ́n jọ, aṣọ tí mo fi dì wọ́n ṣì wà lórí wọn, eruku ti bò wọ́n. Wọn kò tú ẹyọ kan. Ìyá Affissou wọlé tọ̀ mí, ó gbá mi mú láti ẹ̀yìn, ó dì mí mọ́ra gírígírí bí wọ́n ṣe ń di ẹni tí wọ́n fẹ́ túfọ̀ fún.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè dénú. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọ́n ní ọkàn yín kò ní gbà á.”

Ọjọ́ tí ó bí Halimatou ló kú. Ọmọ náà ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo dúró. Mo ń retí kó já. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń bẹ̀rù wákàtí yẹn, mo sì ti mọ̀ pé tó bá dé, màá ṣubú, màá kú. Ọkàn mi ń lù jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń lù nígbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà. Mo bínú sí i. Mo ní kí ló kù tí ò ń dúró dè?

Wọ́n mú mi lọ síbi sàréè. Koríko ti hù lórí rẹ̀, wọ́n ti ro ó, ó tún ti hù. Mo ní ta ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n dárúkọ àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀. Mo sunkún níbẹ̀, wọ́n sì dúró tì mí, wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹkún tiwọn ti tán. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti ṣe ogójì, Affissou ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyàwó náà ló ń wẹ ọmọ ọmọ mi. Mi ò rí ẹni tí ó kù láti bá mi sunkún. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Sàlámì dé. Wọ́n ti bá a lójú ọ̀nà, wọ́n ti sọ fún un. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé. Ó ti gbó lójú mi láàárín ọjọ́ tí mi ò rí i.

Mo ní, “Ẹ fi mí jó. Mo jó ijó ọmọ lójú yín.”

Ó ní, “Wọ́n ní ìròyìn burúkú á pa ọ́.”

“Ta ló ní?”

“Dókítà.”

“Dókítà kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Akọ̀wé pàápàá kò gbọ́ ọ.”

Ó wá ní, “Dókítà nìkan kọ́. Ìwọ náà sọ ọ́, Àsíátù. Àràárọ̀ lò ń sọ ọ́. O ní bí nǹkan bá ṣe Mùínàt, kí n gbẹ́ ilẹ̀ tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo ti sin ọ̀kan. Agbára mi kò gbé méjì.”

Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́. Ìyá wo ni kì í sọ ọ́? Gbogbo obìnrin tí ń tajà ní Bantè ló ń sọ ọ́ kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, ọkùnrin wo ló ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri nítorí rẹ̀? Mo fẹ́ sọ ìyẹn fún un, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé òun nìkan ló ti ń dá ọ̀fọ̀ ṣe nínú ilé tí mò ń gbé, tó ń pa rédíò nítorí mi, tó ń sọ pé bẹntiróòlù ló ta sí òun lójú. Ìbínú mi kò kúrò. Ìyọ́nú kàn bá a níbẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì jọ jókòó.

Mo ní kó wọlé, kó jókòó, kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo ohunkóhun. Ó sọ ọ́. Ó ní ó ti ń rọbí láti ọjọ́ tó ṣáájú nígbà tí Affissou ránṣẹ́ pe òun. Òun bá a láàyè. Ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí Savalou, ọkọ̀ kò tètè wá.

Mo ní, “Ṣé ó bèèrè mi?”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ó bèèrè rẹ. Kò bèèrè ẹlòmíràn.”

“Kí lẹ sọ fún un?”

“A ní o ti wà lójú ọ̀nà.”

“Ṣé ó gbà yín gbọ́?”

Sàlámì fi apá aṣọ nu ojú. Ó ní, “Ó gbà wá gbọ́. Ó ní kí a má ti ilẹ̀kùn.”